Sìlíńdà CNG ti gba gbogbo búùtù mi: ṣé ìyẹ̀fun Nobel yẹn lè yọ mí?

Ìbéèrè awakọ̀ kan

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ kẹ́mísírì, ẹ dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Takisí ni mo ń wà, Ìbàdàn sí Abẹ́òkúta. Nígbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ epo ní 2023, epo bẹntiróò fẹ́ gbà mí lẹ́nu iṣẹ́, ni mo bá sọ ọkọ̀ di CNG. Owó tí mò ń ná wálẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ sìlíńdà lítà 60 náà nà gbalaja sínú búùtù bí àlejò tí kò fẹ́ lọ. Èrò tó bá gbé àpò gàrí méjì dání kò lè wọkọ̀ mi mọ́. Ọmọ mi wá fi hàn mí lórí fóònù pé wọ́n fún àwọn mẹ́ta kan ní ẹ̀bùn Nobel torí ìyẹ̀fun kan tó ń mu gáàsì bíi kànìnkànìn, pé bí wọ́n bá dà á sínú sìlíńdà, gáàsì rẹpẹtẹ á wọ inú agolo kékeré. Ṣé òótọ́ ni? Bó bá jẹ́ òótọ́, kí ló dé tí n kò rí i lọ́jà? Ẹ má fi gírámà dà mí lórí rú o."

———

Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ ni. Àmọ́ kò tíì lè yọ yín.

MOF ni wọ́n ń pe ìyẹ̀fun náà. Oṣù kẹwàá 2025 ni wọ́n kéde ẹ̀bùn Nobel kẹ́mísírì fún Susumu Kitagawa ti Kyoto, Richard Robson ti Melbourne àti Omar Yaghi ti Berkeley. Ẹ wo pákó tí àwọn bírikìlà máa ń kàn yí ilé ká kí wọ́n lè gun òkè. Ibi tí pákó bá ti pàdé pákó, fi irin síbẹ̀: bàbà, síǹkì, kóbáltì. Pákó fúnra rẹ̀ ni mólékù tí kábọ́ọ̀nù pọ̀ nínú rẹ̀. Ìyókù, àlàfo ni. Àlàfo ọ̀hún kéré débi pé mólékù gáàsì díẹ̀ ló lè wọ ọ̀kan, àmọ́ wọn kò níye.

Kí ló dé tí CNG fi nílò irú nǹkan báyìí, tí gáàsì ìdáná kò nílò rẹ̀? Ẹ gbọn sìlíńdà ilé ìdáná yín, ẹ ó gbọ́ omi tó ń mì nínú rẹ̀. Gáàsì ìdáná máa ń di omi tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ìdí rèé tí kílò 12.5 fi ń wọ inú agolo tí ọmọ ọdún mẹ́wàá lè yí lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Mítẹ́ènì tó wà nínú CNG kò gbọ́ èdè yẹn. Àfi tí òtútù bá mú un kọjá dígírì 82 nísàlẹ̀ òdo kó tó lè di omi rárá, bó ti wù kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ tó. Nínú oòrùn Ìbàdàn, kíkì ló kù: ẹ kì í mọ́lẹ̀ títí prẹ́ṣọ̀ fi dé báà 200. Táyà yín kò ju báà méjì ààbọ̀ lọ.

MOF gba ọ̀nà mìíràn. Gáàsì tó bá wọ inú rẹ̀ á fara ti òpó, ìyẹn pákó àti irin tí mo sọ yẹn, kò ní máa sáré kiri bí i ti tẹ́lẹ̀, èyí tó fara tì òpó kì í sì í gba àyè púpọ̀. Nítorí náà, ẹ lè kó gáàsì púpọ̀ jọ láìlo prẹ́ṣọ̀ ńlá. Ohun tí ọmọ yín kà nìyẹn, kò parọ́. Ibi tí wọ́n ti gé ìròyìn náà kúrú ló ṣì yín lọ́nà.

———

Mo rí i pé, lára ẹ̀yin tẹ́ ẹ dá sí ìbéèrè ẹ̀gbọ́n, ó kéré tán ẹni mẹ́fà ti da pápá bọ́ọ̀lù sí ọ̀rọ̀ yìí: "Gíráàmù méjì MOF, bí ẹ bá tẹ́ inú rẹ̀ sílẹ̀, ó tó pápá bọ́ọ̀lù kan!" Òótọ́ ni, MOF-5 tí Yaghi gbé jáde ní 1999 ló ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi náà ti fi ìyẹn yangàn rí lójú àwọn ọmọ kíláàsì kìíní.

Ṣùgbọ́n awakọ̀ kì í gbé gáàsì lórí pápá. Búùtù ló ní, lítà sì ni wọ́n fi ń wọn búùtù. Àwọn MOF tí pápá wọn tóbi jù, yàrá wọn ló fẹ̀ jù. Bí yàrá bá fẹ̀ jù, gáàsì tó wà láàrin kò rí òpó fara tì, ó kàn ń rìn gbẹ̀rẹ̀ bí ẹni tí kò rí ìjókòó níbi ayẹyẹ. Ìyẹ̀fun á fúyẹ́, nọ́ńbà á dára lórí ìwé, lítà kan rẹ̀ kò sì ní gbé nǹkan tó bẹ́ẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní HKUST-1, tí wọ́n ṣe ní yunifásítì kan ní Hong Kong ní 1999 kan náà, pápá tirẹ̀ kò tó ìyẹn rárá, síbẹ̀ òun ni gbogbo ayé ṣì fi ń díwọ̀n tó bá kan mítẹ́ènì inú ọkọ̀. Ẹ̀yin àbúrò tẹ́ ẹ ń ka nọ́ńbà, ẹ máa bèèrè bóyá gíráàmù ni wọ́n fi wọ̀n tàbí lítà. Ìjà tó wà níbí pọ̀ ju ohun tí ìwé ìròyìn ń sọ lọ.

———

Ó yá, ẹ jẹ́ ká fi sìlíńdà ẹ̀gbọ́n ṣírò.

Iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iná àti epo ti fa ìlà kan: kí lítà àgbá kan gba gáàsì tó máa tó lítà 263 bí wọ́n bá tú u síta. Wọn kò kàn ṣẹ́ nọ́ńbà náà láti ojú ọ̀run; iye tí CNG lásán ń gbé ní báà 250 nìyẹn. HKUST-1 wá gba 267 ní báà 65 péré. Ibí ni àwọn oníròyìn ti máa ń pàtẹ́wọ́ tí wọ́n á sì lọ sílé.

Ẹ mú kẹ́ẹ̀gì epo pupa nígbà ọyẹ́. Ẹ dojú rẹ̀ kodò. Èyí tó dì mọ́ ìdí kò ní dà, bẹ́ẹ̀ owó rẹ̀ ti jáde lápò yín. Bí MOF ṣe rí gan-an nìyẹn. Ẹ́ńjìnnì ń fẹ́ kí gáàsì máa wá pẹ̀lú prẹ́ṣọ̀ tó tó báà márùn-ún. Nígbà tí àgbá bá fi dé báà márùn-ún, gáàsì tó ṣì fara tì òpó nínú HKUST-1 kò kéré, kò sì ní jáde. Nínú 267, 190 ló máa dé ẹ́ńjìnnì. 77 tó kù, ẹ óò máa gbé e lọ gbé e bọ̀ títí ayé.

Lítà 60 lọ́nà 190, lítà 11,400 nìyẹn, bíi kílò mẹ́jọ gáàsì. Sìlíńdà tó wà nínú búùtù yín báyìí ń gbé bíi kílò mẹ́sàn-án. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìyẹ̀fun tó máa kún lítà 60 yẹn fúnra rẹ̀ á wọn kílò 53. Àpò gàrí méjì lẹ̀ ń wá àyè fún, ẹ fẹ́ fi àpò sìmẹ́ǹtì kan rọ́pò wọn!

Mo gbà pé irin àgbá báà 65 lè fúyẹ́ ju ti báà 200 lọ, mo sì gbà pé kò pọn dandan kó rí róbótó: ó lè pẹlẹbẹ, kó wọ abẹ́ ìjókòó. Ìyẹn ni èrè tòótọ́ tí mo rí fún takisí nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, pẹ̀lú pé kọ̀mpúrẹ́sọ̀ ilé gáàsì kò ní máa jẹ iná tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ní kílómítà á pọ̀ sí i, kó tún ìṣirò ṣe.

———

Ìṣirò òkè yẹn, mo ti ṣàánú. Mo ṣe é bí ẹni pé àgbá kún fún kírísítálì kan ṣoṣo láìsí àlàfo. Ẹ da ìrẹsì sínú kóńgò, ẹ wá da omi sí i: ẹ óò rí i bí omi ṣe máa pọ̀ tó tó máa wọlé. Ìyẹ̀fun náà rí bẹ́ẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́ta lè bá àlàfo láàrin ìyẹ̀fun lọ. Bí ẹ bá wá fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ kó lè dì, pákó inú rẹ̀ á wó. Àwọn kan ní Cambridge rí ọgbọ́n dá sí i ní 2018: wọn kò tẹ̀ ẹ́ rárá, wọ́n jẹ́ kó rọra gbẹ bíi gọ́ọ̀mù títí tó fi di òkúta tó ń dán, òkúta yẹn sì gba 259. Iṣẹ́ yẹn wú mi lórí ju pápá bọ́ọ̀lù ẹgbẹ̀rún lọ.

Jẹ́ n sọ tèmi. Nígbà tí mò ń ṣe másítà, HKUST-1 ni ọ̀gá mi ní kí n ṣe. Sísè rẹ̀ kò le: iyọ̀ bàbà, trimesic acid (òun ni pákó), ẹ̀tánọ́ọ̀lù àti omi, ẹ dé e pa, ẹ gbé e sínú ooru dígírì 85 fún ọjọ́ kan. Kírísítálì aláwọ̀ ojú ọ̀run máa ń wà nísàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n wínníwínní bíi ṣúgà. Ìyọnu wà nínú gbígbẹ. Yàrá inú rẹ̀ kún fún ẹ̀tánọ́ọ̀lù àti omi, ẹ ní láti fi pọ́ǹpù fa gbogbo rẹ̀ jáde nínú ooru dígírì 150. Bó ṣe ń ṣófo ni àwọ̀ rẹ̀ ń yí, títí tó fi dúdú bí adìrẹ tí wọ́n rẹ sínú aró lẹ́ẹ̀mẹfà. Ó wù mí débi pé mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìyá mi, wọ́n ní ṣé mo ti ń ta aró ni.

Ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n mú iná lọ láàrin òru, pọ́ǹpù kú, afẹ́fẹ́ padà wọlé. Ìgbà kejì, mo gbẹ ẹ́ tán, mo ṣí ìgò rẹ̀ lórí tábìlì kí n lè wọ̀n ọ́n. Oṣù kẹjọ ni, òjò ń rọ̀ níta. Kí n tó kọ nọ́ńbà orí òṣùwọ̀n sílẹ̀, etí ìyẹ̀fun náà ti ń padà di àwọ̀ ojú ọ̀run níṣojú mi: omi inú afẹ́fẹ́ ti ń gba ìjókòó lára bàbà. Nígbà tí mo wọn gáàsì tó gbà, ìdajì ohun tí ìwé sọ ni mo rí. Ọ̀gá mi ní mo ti ba nǹkan jẹ́. N kò ba nǹkan kan jẹ́, afẹ́fẹ́ ìgbà òjò ni mo wọ̀n.

Ẹ wá ronú gáàsì tó wà ní ilé gáàsì. Omi díẹ̀ lè wà nínú rẹ̀, ẹ́tẹ́ènì àti próópéènì wà níbẹ̀, òórùn burúkú tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi sí i kí imú lè gbọ́ tó bá jò náà wà níbẹ̀. Gbogbo àwọn wọ̀nyí ń lẹ̀ mọ́ òpó ju mítẹ́ènì lọ. Wọ́n dà bí èrò tó wọkọ̀ ní Mókọ́lá tí kò fẹ́ sọ̀ mọ́: gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá kún àgbá, wọ́n ń pọ̀ sí i, ìjókòó ń dín kù.

———

Ẹnìkan bèèrè pé ṣé ó máa ń gbóná. Ó máa ń gbóná gan-an. Gáàsì tó ń sáré tó wá fara tì òpó gbọ́dọ̀ ju agbára tó ń sáré yẹn sílẹ̀, ooru ló sì máa ń dà. Kíkún àgbá lítà 60 tí mo ṣírò lókè, ooru tó máa jáde tó láti mú omi kẹ́ẹ̀gì lítà 25 kan hó. Bí ẹ bá fi gbogbo òru kún un, ooru náà á rìn lọ, kò séwu. Bí ẹ bá fẹ́ kún un ní ìṣẹ́jú márùn-ún kí awakọ̀ tó wà lẹ́yìn yín má fọn fèrè sí yín, inú àgbá á gbóná, ìyẹ̀fun tó bá sì gbóná kì í gba gáàsì tó bó ṣe yẹ. Tí ọkọ̀ bá wá ń lọ tí gáàsì ń jáde, àgbá á máa tutù, gáàsì á tún máa lọ́ra láti jáde.

Ohun kan ṣoṣo tí mo rí tó fi ọgbọ́n kojú èyí ni MOF kóbáltì kan tí àwọn ará Berkeley gbé jáde ní 2015. Kò dúró gbagidi. Nígbà tí prẹ́ṣọ̀ bá kéré, ó pa ẹnu dé, kò gba gáàsì kankan. Bí prẹ́ṣọ̀ bá dé ibì kan, ó ya ẹnu, gáàsì á wọlé gììrì. Nígbà tó bá fẹ́ sọ ọ́ jáde, á tún panu dé, á ti gbogbo rẹ̀ jáde, èyí tó máa ń kù nídìí kẹ́ẹ̀gì á dín kù jọjọ. Yíyanu àti pípanudé yẹn sì ń gbé lára ooru náà mì. 197 ló dá padà ní báà 65. Kóbáltì ló fi ṣe é ṣá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ iye tí kóbáltì ń lọ, ẹ mọ ibi tí mò ń lọ.

———

Ẹ̀gbọ́n wẹ́dà tó kọ̀wé pé "ọ̀rọ̀ ìwé lásán ni, ta ló ń ki ìyẹ̀fun sínú sìlíńdà?" Ẹ̀yin ni, ẹ̀gbọ́n. Kì í ṣe dírọ́ọ̀mù kábáàdì àwọn panẹbítà ni mò ń wí. Sìlíńdà asẹ́tílíìnì tẹ́ ẹ ń rà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta gáàsì, inú rẹ̀ kò ṣófo. Nǹkan bí ẹfun ló kún un dẹ́nu, ihò wínníwínní wà lára rẹ̀, wọ́n sì rẹ ẹ́ sínú asẹtóònù. (Ẹ má fi ayùn gé e wò o!) Asẹ́tílíìnì máa ń bẹ́ fúnra rẹ̀ láìsí ìṣáná tí prẹ́ṣọ̀ bá ti lé ní báà méjì. Ihò wínníwínní yẹn ni kì í jẹ́ kí iná rí àyè sáré nínú rẹ̀. Gustaf Dalén, ará Sweden, wà lára àwọn tó jẹ́ kí èyí ṣeé ṣe, kí iná àwọn ilé ìmọ́lẹ̀ etí òkun lè máa jó láìsí ẹni tó ń ṣọ́ wọn; ó gba Nobel fún iṣẹ́ iná etí òkun yẹn ní 1912, ọdún yẹn kan náà ni asẹ́tílíìnì bẹ́ mọ́ ọn lójú tó sì fọ́ ọ lójú.

Kitagawa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ padà sídìí gáàsì yìí kan náà. Ní 2005 wọ́n fi hàn pé MOF bàbà kan lè kó asẹ́tílíìnì pọ̀ dé ìlọ́po 200 ohun tí prẹ́ṣọ̀ tí kò léwu lè kó. Asẹ́tílíìnì wọ́n, ó sì lè pani. Irú gáàsì bẹ́ẹ̀ ni MOF yẹ.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bá àwọn tó ní "MOF kò wúlò, ìwé ni wọ́n ń kọ" jiyàn. Ó ti wà lọ́jà. Àwọn tó ń ṣe ṣíìpù kọ̀ǹpútà ń lo arsine àti phosphine, gáàsì tó jẹ́ pé èémí díẹ̀ rẹ̀ lè rán èèyàn lọ sọ́run. Iléeṣẹ́ NuMat ní Amẹ́ríkà ń ta sìlíńdà tí wọ́n ki MOF sínú rẹ̀ fún wọn. Prẹ́ṣọ̀ inú rẹ̀ kò tó ti afẹ́fẹ́ ìta, nítorí náà bí fáàfù bá jò, afẹ́fẹ́ ìta ló máa wọlé, májèlé kò ní tú jáde. Ẹni tó ń ra arsine kò ní sunkún lórí owó ìyẹ̀fun. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ra CNG torí pé ó rọjú, ẹ óò sunkún.

———

Háídírójínì: ẹ ti ń fi NU-1501 ṣe ẹnu, MOF kan tí háídírójínì tó ń gbé tó 14% ní ìwọ̀n. Àwọn ará yunifásítì Northwestern ṣe é ní 2020 lóòótọ́. Ẹni tó bá sọ 14 kó sọ ìyókù: dígírì 196 nísàlẹ̀ òdo, báà 100. Ẹ wá ibi tẹ́ ẹ máa gbé òtútù yẹn sí nínú ọkọ̀ ná, ká tó jọ sọ̀rọ̀.

———

Ẹnìkan gbé ọ̀rọ̀ sìlíńdà tó bẹ́ ní ìlú Benin ní oṣù kẹwàá 2024 wá, pé ká ní MOF ló wà nínú rẹ̀ ni, kò ní bẹ́. N kò gbà. Ohun tí ìjọba sọ lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ náà ni pé sìlíńdà ọ̀hún kì í ṣe èyí tí wọ́n fọwọ́ sí fún CNG, wọ́n ti jó o ní wẹ́dà. Agolo tí wọ́n lẹ̀ pọ̀, bí ẹ dà MOF sí i, bí ẹ dà èlùbọ́ sí i, agolo tí wọ́n lẹ̀ pọ̀ náà ni. Báà 65 kéré sí 200 lóòótọ́, àmọ́ ìlọ́po 26 táyà yín ṣì ni. Mo ti rí ibi tí táyà lásán ti gé ẹsẹ̀ fọ́kanáísà.

———

Ẹ̀gbọ́n awakọ̀ padà wá: "Kí ni kí n wá ṣe sí búùtù mi?"

Ẹ fi sìlíńdà yín sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹ wo ọrùn rẹ̀, wọ́n tẹ ọjọ́ tí wọ́n dán an wò mọ́ ọn lára. Ẹ mọ ìgbà tí ti ìkejì máa pé. Bí àyè bá wà lábẹ́ ọkọ̀ yín, àwọn tó ní ìwé àṣẹ lè bá yín fi kékeré méjì rọ́pò ńlá kan níbẹ̀, àmọ́ kì í ṣe mẹkáníìkì abẹ́ igi. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun ń ta àgbá oníyẹ̀fun fún yín, ẹ bi í léèrè iye tó máa ń dá padà ní báà márùn-ún, àti iye tó máa ń dá padà lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti kún un nígbà 500 pẹ̀lú gáàsì tí ẹ̀ ń rà ní Ìbàdàn. Bó bá fi pápá bọ́ọ̀lù dá yín lóhùn, ẹ wọkọ̀ yín.

———

Àbúrò tó fẹ́ ṣe HKUST-1 fún iṣẹ́ àṣekágbá: ṣe é, kò wọ́n. Ẹ̀tánọ́ọ̀lù ni kó o lò, má gbà fún ẹni tó bá ní kó o lo DMF, omi kẹ́míkà tó lọ́ra láti gbẹ, yíyọ rẹ̀ kúrò á gbà ọ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì. Wá ìgò tó ní fáàfù tó o lè fi gbẹ ẹ́, kó o sì wọ̀n ọ́n nínú rẹ̀ láìṣí i. Bẹ ẹni tó ní jẹnẹrétọ̀ kó o tó tan pọ́ǹpù. Bí o bá sì lè dúró di ìgbà ọyẹ́, dúró.